Bí Òkúta Bá Ta Bá Gíláàsì Iwájú Ọkọ̀ Yín

Ẹni tó bá ń wakọ̀ déédéé nílẹ̀ Yewa, bó pẹ́ bó yá, yóò gbọ́ "pá!" lára gíláàsì iwájú. Láti Pápáláńtò wọ Ìlaròó, láti Òwodé lọ sí Ìdí-Ìrókò, láti Abẹ́òkúta dé Ayétòrò, ibi tí ọ̀dà ti bó kò lóǹkà, òkúta wẹ́wẹ́ sì kún etí títì. Ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì ti wà ní Ewékorò láti ọdún 1960. Ti Ìbèṣè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012. Tírélà tó ń kó símẹ́ńtì àti típà tó ń kó òkúta kò jẹ́ kí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí sinmi. Táyà wọn á tẹ òkúta létí, òkúta á fò, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn tàbí ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì ni yóò gbà á.

Orí yìí wà fún ẹni tí òkúta ta bá gíláàsì rẹ̀, tí gíláàsì náà kò fọ́, àmọ́ tó ti ní ojú àpá. Bí ẹ bá tètè mójú tó o, ẹ lè dá àpá náà dúró síbi tó wà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, òtútù ọyẹ́ láàárọ̀ àti oòrùn ọ̀sán lè fà á láti igun kan dé igun kejì láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀ kò le. Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ jù ni kí ẹni tó ni ọkọ̀ jẹ́ kí omi àti eruku pupa wọ ojú àpá kó tó bò ó, tàbí kó máa tún èyí tó ti kọjá àtúnṣe ṣe nítorí owó.

Ẹ má retí pé àpá náà yóò pa rẹ́ pátápátá. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn yóò ṣì rí i. Ohun tí à ń wá ni kó má sán síwájú mọ́, kí gíláàsì padà lágbára níbẹ̀, kí ojú sì lè ríran kọjá dáadáa.

Irú gíláàsì tó ṣeé tún ṣe

Gíláàsì iwájú jẹ́ awẹ́ méjì tí wọ́n fi ọ̀rá tín-ínrín kan, tó mọ́ gaara tó sì yi, lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀rá yìí ló ń dì í mú tí kì í fi í ya lu èèyàn bí nǹkan bá bà á. Awẹ́ ti ìta nìkan ni à ń tún ṣe. Gíláàsì ẹnu ọ̀nà àti ti ẹ̀yìn nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe aláwẹ́ méjì. Tí wọ́n bá fọ́, wọ́n á rún wómúwómú. Kò sí àtúnṣe fún ìyẹn, pípààrọ̀ ni.

Ohun èlò

Èyí tó yẹ kó máa wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo:

- Sẹ́lótéèpù tó mọ́ gaara, èyí tí ojú lè ríran kọjá.
- Aṣọ gbígbẹ tó mọ́, tí ẹ kò fi nu ẹ́ńjìnì rí.
- Bírò kan àti ìdérí ìgò mínírà kan. Àwọn ni a ó fi wọn àpá.
- Tọ́ọ̀ṣì, tàbí fóònù tó ní iná.

Èyí tí ẹ máa nílò fún àtúnṣe:

- Páálí irinṣẹ́ tí wọ́n kọ "windshield repair kit" sí lára. Ẹ yẹ inú rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Ó yẹ kó ní ìgò réésìnì kékeré, ẹsẹ̀ rọ́bà tó ń fà mọ́ gíláàsì, páìpù kékeré oníṣúkúrúù tí à ń fi ti réésìnì wọlé, ewé ọ̀rá pẹlẹbẹ díẹ̀, àti bíléèdì. Ẹ wo ọjọ́ tí réésìnì náà máa bàjẹ́. Èyí tó ti pẹ́ nínú oòrùn níwájú ìsọ̀ á ti máa ki. Bí kò bá ṣàn kíákíá nígbà tí ẹ bá dorí ìgò kodò, ẹ má rà á.
- Sípírìtì àti òwú.
- Abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun tí omi kò tíì kàn.
- Dígí kékeré tí ẹ máa gbé sínú ọkọ̀ lẹ́yìn ojú àpá, kí ẹ lè máa wo bí réésìnì ṣe ń wọlé.
- Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tó bo ojú dáadáa.
- Agbòòrùn ńlá tàbí páálí fífẹ̀ fún ìbòòji.

Lójú ọ̀nà, nígbà tí òkúta bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta

1. Ẹ má tẹ búrẹ́èkì lójijì, ẹ má sì yà bàrá. Ìró òkúta lè já èèyàn láyà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó yà bàrá níwájú tírélà ni ewu gidi. Ẹ di sítíárì mú ṣinṣin, ẹ rọra dín eré kù.

2. Ẹ tan iná ìyàsọ́nà, kí ẹ sì wá ibi tó tẹ́jú tó sì jìnnà sí kọ́nà kí ẹ tó dúró. Ilé epo dára ju etí igbó lọ, àgàgà bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹ má lé típà tàbí tírélà náà pé ẹ fẹ́ gba owó gíláàsì.

3. Bí gbogbo iwájú awakọ̀ bá ti fọ́ bí àwọ̀n, tí ẹ kò ríran kọjá mọ́, ìrìn àjò parí níbẹ̀. Ẹ pe mẹkáníìkì tàbí ẹni tó lè fa ọkọ̀. Yíyọ orí lójú fèrèsé wakọ̀ dé ilé kì í ṣe ọgbọ́n.

4. Bó bá jẹ́ ojú àpá kékeré ni, ẹ má fi ìka tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi itọ́ nù ún, ẹ má bu omi sí i, ẹ má sì tan wáípà olómi. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ rọra gbọn eruku àyíká rẹ̀ kúrò.

5. Ẹ gé sẹ́lótéèpù díẹ̀ lé e lórí láti ìta. Bó bá jẹ́ iwájú ojú awakọ̀ ló wà, kí sẹ́lótéèpù náà kéré tó bó ti lè kéré. Bí òjò bá ti ń rọ̀ nígbà tí òkúta ta, ẹ wá abẹ́ òrùlé, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

6. Ẹ pa AC, tàbí kí ẹ yí ẹnu rẹ̀ kúrò lójú gíláàsì. Afẹ́fẹ́ tútù láti inú àti oòrùn láti ìta ń fa gíláàsì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibi tó ti lẹ́ ni yóò sì ti sán. Ẹ rọra máa lọ, ẹ yẹra fún kòtò, kí ẹ sì ṣí fèrèsé díẹ̀ kí ẹ tó pa ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú nígbà tí ilẹ̀kùn bá dún gbàmù máa ń ti gíláàsì jáde.

Bí ẹ bá ṣe èyí, ẹ ti ra àkókò. Ojú àpá tó wà ní gbígbẹ lábẹ́ sẹ́lótéèpù lè dúró dè yín fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má sọ ọ́ di oṣù.

Ṣé ó ṣeé tún ṣe àbí kò ṣeé ṣe?

Ojúmọmọ ni kí ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí. Ẹ ṣí sẹ́lótéèpù, kí ẹ sì dáhùn ìbéèrè mẹ́fà:

*Báwo ló ṣe tóbi tó?* Ẹ gbé ìdérí ìgò mínírà lé e. Bí ìdérí bá bo gbogbo rẹ̀, tẹsẹ̀tẹsẹ̀, ó ṣeé tún ṣe. Bó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo ló sán, ẹ gbé bírò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà tó bá gùn ju bírò lọ ti kọjá ohun tí èèyàn lè tún ṣe nílé.

*Níbo ló wà?* Ẹ jókòó sáyè awakọ̀. Ẹ dá bébà A4 síbùú, kí ẹ sì fojú gbé e sórí gíláàsì ní ọ̀gangan sítíárì. Ibi tí bébà náà bo ní fífẹ̀ ni ojú awakọ̀ ń gbé jù. Àpá tí ẹ bá tún ṣe níbẹ̀ yóò ṣì máa ṣẹ́ iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ sójú yín lóru. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ kì í yege àyẹ̀wò ọdọọdún bí àpá tó wà ní agbègbè yìí bá ju mìlímítà 10 lọ. Ibòmíràn tí wáípà ń dé, mìlímítà 40 ni òdiwọ̀n. Ìwọ̀n tó bọ́gbọ́n mu nìyẹn fún àwa náà.

*Báwo ló ṣe sún mọ́ etí tó?* Ẹ to ìka mẹ́ta láti etí gíláàsì. Bí àpá bá wà lábẹ́ ìka yín, ẹ má ṣe wàhálà. Etí ni ọkọ̀ ti ń lọ́ gíláàsì jù bó bá bọ́ sí kòtò. Àpá etí kì í pẹ́ sán lẹ́yìn àtúnṣe.

*Ṣé ó ti dé awẹ́ inú?* Ẹ fi èékánná rọra fa ojú gíláàsì láti inú ọkọ̀, ní ọ̀gangan àpá. Bí èékánná bá kọ́ nǹkan, awẹ́ méjèèjì ti fọ́. Pípààrọ̀ ni.

*Ṣé ó ti dọ̀tí?* Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ìlà tó ń dán tàbí tó dúdú, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, réésìnì lè lé e jáde. Ìlà tó ti pọ́n bí ilẹ̀ tàbí tó funfun bí ìkùukùu ti mu eruku tàbí omi. Omi lè gbẹ. Eruku tó ti wọnú ìlà kì í jáde.

*Ṣé kámẹ́rà wà lẹ́yìn rẹ̀?* Àwọn ọkọ̀ tuntun kan ní kámẹ́rà lẹ́yìn gíláàsì, nídìí dígí ìwẹ̀yìn, tó ń wo ìlà ojú títì. Àpá tó bá wà níwájú kámẹ́rà, ẹ má fi réésìnì sí i. Ó lè mú kámẹ́rà náà ṣi nǹkan rí.

Bí ìdáhùn kan ṣoṣo nínú mẹ́fà bá kọ̀, ẹ kọjá sí ibi tí a ti sọ̀rọ̀ nípa pípààrọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá gbà, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ọjọ́ àti àkókò tó dára

Gíláàsì tó gbóná kì í gba réésìnì dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ló ń mú réésìnì le. Ìbòòji la ó fi ti réésìnì wọlé; oòrùn la ó fi gbẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ gbé ọkọ̀ síbi gbangba tó tẹ́jú tí oòrùn máa dé, kí ẹ sì fi agbòòrùn tàbí páálí ṣíji bo gíláàsì nígbà iṣẹ́. Bó bá tó àkókò, agbòòrùn lẹ máa gbé kúrò, ọkọ̀ kò ní kúrò lójú kan.

Láàárín agogo mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀ ló dára jù. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gíláàsì: kò gbọdọ̀ gbóná, kò sì gbọdọ̀ tutù bíi ti òwúrọ̀ ọyẹ́. Bí ìrì bá sẹ̀, ẹ nù ún kí ẹ sì dúró kó gbẹ. Nígbà òjò, ẹ yan ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí òjò kò rọ̀. Bí ẹ bá fura pé omi ti wọ ojú àpá, ẹ ṣí sẹ́lótéèpù, ẹ jẹ́ kí oòrùn pẹ́lẹ́ pa á fún bí ààbọ̀ ọjọ́, kí ẹ tún bò ó, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má fi iná ìṣáná tàbí láítà yá a.

Ìgbésẹ̀ àtúnṣe

Bí ìwé inú páálí yín bá yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Irinṣẹ́ kò dọ́gba.

1. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà.

2. Ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ rọra họ èérún gíláàsì tó ti tú kúrò lójú ihò. Èyí tó ti tú nìkan. Ẹ má walẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a jáde. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́ àti èémí olómi.

3. Ẹ ta sípírìtì díẹ̀ sí òwú, kí ẹ fi nu àyíká ihò, kó má wọnú rẹ̀. Ẹ dúró kó gbẹ pátápátá. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó ń mu sìgá nítòsí.

4. Ẹ gbé dígí sínú ọkọ̀, lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ lè rí ẹ̀yìn àpá láti ibi tí ẹ dúró sí.

5. Ẹ lẹ ẹsẹ̀ rọ́bà mọ́ gíláàsì kí ihò páìpù bọ́ sí àárín gbùngbùn ojú àpá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi iṣẹ́ nìyí: bí páìpù bá yẹ̀ díẹ̀, réésìnì á máa ṣàn lórí gíláàsì dípò kó wọlé. Ẹ yí i sílẹ̀ títí rọ́bà ẹnu rẹ̀ yóò fi kan gíláàsì. Kó kàn án, kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Títẹ̀ jù máa ń dí ojú ìlà, ó sì lè mú kó sán.

6. Ẹ kán réésìnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú páìpù. Ẹ fi ṣúkúrúù rọra tì í wọlé, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ máa wo dígí: àwọn ìlà tó ń dán á bẹ̀rẹ̀ sí í pa rẹ́ láti àárín lọ sí òde.

7. Ẹ yí ṣúkúrúù padà sókè kó fa afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ ó rí èéfó wẹ́wẹ́ tí ń gòkè bọ̀. Ẹ dúró ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ tún tì í wọlé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìkánjú ló ń fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nínú ẹsẹ̀ àpá. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá sì kù sí ni yóò ti tún sán.

8. Bí ẹsẹ̀ kan bá kọ̀ tí kò kún, ẹ fi ìdí ìka rọra kan gíláàsì láti inú ọkọ̀ ní ọ̀gangan ẹsẹ̀ náà. Kíkàn pẹ́lẹ́ ni, kì í ṣe títẹ̀. Bó bá kọ̀ lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

9. Ẹ yọ irinṣẹ́ kúrò. Ẹ kán réésìnì kan sójú ihò, kí ẹ sì rọra tẹ́ ewé ọ̀rá pẹlẹbẹ lé e láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì kí èéfó má há síbẹ̀.

10. Ẹ gbé agbòòrùn kúrò. Oòrùn gidi á mú un le láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ fún un ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Láti ìta ni oòrùn ti gbọdọ̀ bà á. Ọ̀rá tó wà láàárín awẹ́ méjèèjì kì í jẹ́ kí ìtànṣán tó ń mú réésìnì le kọjá, nítorí náà iná tí ẹ bá tàn sí i láti inú ọkọ̀ kò wúlò.

11. Ẹ ká ewé ọ̀rá kúrò. Ẹ dá bíléèdì dúró gbọọrọ lórí gíláàsì, kí ẹ sì fá réésìnì tó yọ sókè títí ojú rẹ̀ yóò fi dọ́gba. Bí ẹ bá da bíléèdì dùbúlẹ̀, yóò fa réésìnì inú ihò jáde. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún.

12. Ẹ má fọ ọkọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ẹ fi máàkà sàmì kékeré sí ìpẹ̀kun ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti inú ọkọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wò ó: bí ìlà bá ti kọjá àmì, àtúnṣe náà kò mú. A kì í tún réésìnì lé réésìnì tó ti le. Kò sí ọ̀nà tí yóò gbà wọlé mọ́. Ó di pípààrọ̀.

Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n tàbí ojú yín kò mú tó, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé kó fi réésìnì rẹ̀ hàn yín. Èyí tó bá fa súpà gúlù yọ, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Ìkìlọ̀

- Réésìnì ń jó ara, ó sì burú lójú. Bó bá kan ojú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.
- Èérún gíláàsì kì í hàn lórí aṣọ. Ẹ gbọn aṣọ yín kí ẹ tó gbé ọmọ, ẹ sì fi òwú olómi nu orí dáṣíbọ́ọ̀dù.
- Ẹ má ṣiṣẹ́ yìí létí títì. Ọkọ̀ tó ń kọjá á mi gíláàsì, eruku á wọ ojú àpá, ẹ̀yin fúnra yín sì wà nínú ewu.
- Road Safety àti VIO lè dá ọkọ̀ tí gíláàsì iwájú rẹ̀ ti sán dúró. Sítíkà tí àwọn kan ń lẹ̀ bo ìlà kò tan ẹnikẹ́ni, ó sì ń dí ojú awakọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

*Súpà gúlù àti kútẹ́ẹ̀sì.* Wọ́n wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sáré sí wọn. Méjèèjì máa ń gbẹ lójú ihò láìdé inú ẹsẹ̀ àpá. Wọn kò dá sísán dúró, wọ́n sì ti dí ẹnu ọ̀nà mọ́ réésìnì. Àpá tó ṣeé tún ṣe láàárọ̀ á di èyí tí kò ṣeé tún ṣe mọ́ lálẹ́.

*Gbígbé ọkọ̀ lọ fọ̀ kíákíá.* Omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ á ti eruku àti ọṣẹ wọnú àpá. Ẹ tún un ṣe ná kí ẹ tó lọ.

*Omi tútù sórí gíláàsì gbígbóná.* Ọkọ̀ tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀, tí wọ́n wá da omi kànga lé, ni gíláàsì rẹ̀ máa ń sán ní ìlà gígùn.

*Fífi dírílì lu ìpẹ̀kun ìlà.* Àwọn oníṣẹ́ kan ń ṣe é pẹ̀lú irinṣẹ́ tó tín-ín-rín. Dírílì tí a fi ń lu ògiri á wọ awẹ́ méjèèjì.

*Dídúró kó sán dáadáa.* Àwọn kan ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn ṣì ń ríran, kò sí wàhálà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Owó páálí irinṣẹ́ kan kéré gan-an sí owó gíláàsì tuntun àti owó ẹni tó máa dè é.

Bó bá di pípààrọ̀

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ilé. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa bi oníṣẹ́, nítorí gíláàsì iwájú wà lára ohun tó ń gbé òrùlé ọkọ̀ dúró bó bá dojú dé, òun náà sì ni àpò afẹ́fẹ́ iwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ń fẹ̀yìn tì nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ nígbà tó bá bú jáde.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí igun gíláàsì. "Laminated" tàbí "AS1" ni kí ẹ wá. Èyí tí wọ́n kọ "Tempered" tàbí "AS2" sí kì í ṣe ti iwájú, bó ti wù kó bá ojú ọkọ̀ mu. Bí ẹ kò bá rí ti ọkọ̀ yín ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò, ẹ wò ó ní Abẹ́òkúta, Sàngó-Ọ̀tà, tàbí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin. Tòkunbọ̀ tí wọ́n gé lára ọkọ̀ mìíràn dára bí gbogbo etí rẹ̀ bá pé. Ẹ fi ọwọ́ oníbọ̀wọ́ yí etí rẹ̀ ká, ẹ wá ibi tó ti bó. Òró ni kí ẹ gbé e bọ̀ nílé, pẹ̀lú tìmùtìmù nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ má dà á dùbúlẹ̀ nínú búùtù.

Ẹ béèrè gúlù tó máa lò. Gúlù dúdú tí wọ́n ń pè ní urethane ló yẹ. Sìlíkóòn tí àwọn oní-àlùmíníọ́ọ̀mù fi ń dí ojú fèrèsé ilé lè má jo omi, ṣùgbọ́n kò lè di gíláàsì mú bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo rọ́bà yíká gíláàsì yàtọ̀. Tiwọn kò nílò gúlù yìí, rọ́bà tó yi tó sì pé ni.

Ẹ wo bó ṣe fá gúlù àtijọ́ kúrò. Bí irin bá yọ, kó fi ọ̀dà kùn ún kó tó lẹ̀ ẹ́, kí ìpáta má jẹ ẹ́ lábẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní iye wákàtí tí wọ́n kọ sára gúlù kí ẹ tó lè wà á, kí ẹ sì fara mọ́ ọn. Ẹ fi fèrèsé kan sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ fi omi rọra ṣàn án, kí ẹnì kan jókòó sínú máa wò bóyá omi ń jò. Bó bá ń jò, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà.

Ẹ pààrọ̀ ọ̀pá rọ́bà wáípà pẹ̀lú rẹ̀. Wáípà tó ti gbó, tí yanrìn ti há sí lẹ́nu, á họ gíláàsì tuntun láàárín òjò mélòó kan.

Bí èyí kò ṣe ní tún ṣẹlẹ̀

Eré ọkọ̀ yín àti eré òkúta ló ń para pọ̀ di agbára tó fi ń gbá gíláàsì. Bí ẹ bá ń sá 80 tí tírélà tó ń bọ̀ lódìkejì náà ń sá 80, eré 160 ni òkúta náà fi ń gbá gíláàsì yín. Níbi tí ọ̀dà ti tán tàbí tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀nà, ẹ dín eré kù kí tírélà tó dé ọ̀dọ̀ yín, kì í ṣe ìgbà tó bá dé.

Ẹ má tẹ̀ lé típà típẹ́típẹ́. Òfin ní kí ẹni tó ń kó òkúta tàbí yanrìn fi tapólì bò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń bò ó. Èyí tó bá bò ó pàápàá, òkúta ṣì há sáàárín táyà rẹ̀ méjì ẹ̀yìn. Ẹ fà sẹ́yìn títí ẹ ó fi lè rí ilẹ̀ dáadáa láàárín yín. Bí ọ̀nà iwájú bá mọ́, ẹ kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀nà kò bá mọ́, ẹ dúró ní ilé epo tó kàn, ẹ ra omi mu, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ.